Jogbo Níwájú Pẹpẹ

Ẹni tó bá rìn láti Ẹgbẹ́dá lọ sí Ìgándò nígbà tí ilé ò tíì gba gbogbo ibẹ̀ tán, á mọ òdòdó tí mò ń wí. Igi rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ya ìka bí àtẹ́lẹwọ́, òdòdó rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú bí inú ẹyin adìẹ ìbílẹ̀. Jogbo ni wọ́n ń pè é nílé wa. Àwọn ọmọ kíláàsì tí mò ń kọ́ ní sọ́nfláwà ni. Wọ́n á já a, wọ́n á fi há etí, èèrà á sì máa rìn kiri nínú irun wọn títí wọ́n á fi jókòó síwájú mi.

Kì í fẹ́ràn ibi tí ènìyàn bá ń gbé. Etí títì, bèbè kòtò tí àwọn oníyanrìn gbẹ́ sílẹ̀, orí ààtàn, àti ilẹ̀ tí ẹnì kan rà tí kò rí nǹkan kan kọ́ sórí rẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti bá a. Bí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́ lóṣù kẹwàá, gbogbo rẹ̀ á tanná lẹ́ẹ̀kan náà, oyin á sì gba ibẹ̀ kan. Olùkọ́ kan tó mọ̀ nípa igi sọ fún mi pé mọ̀lẹ́bí ewúro ni. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ti tọ́ ewé rẹ̀ wò rí, ìkorò náà jọ ti ìdílé.

Èkìtì ni mo ti wá sí Ẹgbẹ́dá, ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìkẹjà, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé kan lápá Òkè-Odò. Yàrá kan àti pálọ̀ la háyà. Kò sí ohun tó ṣe ilé náà, kò sì sí ohun tó ṣe ọkọ mi. Ìlú ni mi ò fẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, tí o bá kí ènìyàn láàárọ̀, ìkíni yẹn lè gbé yín dé ojúlé kẹta, wọ́n á bèèrè ìyá rẹ, wọ́n á bèèrè ewúrẹ́ rẹ. Ní Ẹgbẹ́dá, kí o tó parí "ẹ káàárọ̀", ẹni tí ò ń kí ti sáré kọjá, ọ̀rọ̀ á kù sí ọ lẹ́nu. Ní gbogbo oṣù tí mo kọ́kọ́ lò níbẹ̀, ẹni tó ń gba owó iná nìkan ló kan ilẹ̀kùn wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ọkọ mi ṣe ń jẹun, mo ní, "Ẹ gbọ́ o. Tí ó bá di Kérésìmesì tí mi ò rí ẹnì kan tí mo lè jókòó tì ní ìlú yìí, mò ń padà sí Èkìtì nìyẹn. Ìyá mi ní àyè wà níléèwé àdúgbò wa. Ẹ ó máa wá wò mí lópin ọ̀sẹ̀."

Ọkọ mi kì í bá ènìyàn jiyàn. Bí òrùlé bá wó lé e lórí, á ní ó dáa. Ó sì ní ó dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó gbé àwo tì, iṣu ṣì kù nínú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, n kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo tí mo ń lọ yàtọ̀ sí iléèwé ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kékeré ni, tí wọn ò tíì kan òrùlé rẹ̀ tán. Wọ́n to páànù tuntun ti ògiri ní ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wọ́n wà látìgbà tí mo ti dé. Mo wọ ẹgbẹ́ tó ń ṣètò òdòdó síwájú pẹpẹ, nítorí mo rò pé ẹni tó bá jọ ń ṣètò òdòdó á kúkú jọ sọ̀rọ̀. Mi ò mọ Màmá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà ni.

Màmá ti ṣe nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ Oǹdó ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Gowon Estate. Òdòdó oníke ló gbà gbọ́. Ó ní báàgì ńlá kan tó kún fún un, pupa, funfun, àlùkò, ní gbogbo Sátidé a ó sì fi ọṣẹ fọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wẹ̀ fún ọmọ tuntun. Tí mo bá la ẹnu láti sọ̀rọ̀, á ní, "Ìyàwó, fọ àárín rẹ̀. Àárín ni eruku ń gbé."

Ní Sátidé kan lóṣù kẹwàá yẹn, mo gé jogbo lẹ́yìn ilé wa, mo kó o sínú garawa, mo gbé e lọ. Inú mi dùn. Mo rò pé ẹni tó bá rí ohun tó rẹwà tó báyẹn á yọ̀ mọ́ mi.

Màmá wò ó. "Kí lèyí?"

"Òdòdó ni, Màmá."

"Mo rí i pé òdòdó ni. Níbo lo ti rí i?"

"Lẹ́yìn ilé wa ni, mà."

"Lórí ààtàn, àbí?" Ó fi orí ìka kan ṣoṣo kan ewé rẹ̀, ó sì nu ìka náà mọ́ aṣọ. "Ohun tó hù lórí ààtàn ò gbọdọ̀ dé iwájú pẹpẹ. Ó tún wá korò. Ta ló ń fi ohun kíkorò dúpẹ́?"

Ẹnu mi ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu rí. Mo ní, "Màmá, orógbó náà korò, a sì ń fi í sọ ọmọ lórúkọ."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹnu ẹ mú ṣá," ló wí, ó sì na garawa ọṣẹ sí mi. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo jogbo mi ti dorí kodò, ewé wọn ti rọ bí aṣọ tó bọ́ sínú omi. Màmá kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti jẹ́ kí n rí i pé òun rí i.

Bí ẹ bá wá gbọ́ pé èmi àti Màmá ló bọ́ sí lọ́wọ́ láti ṣe òdòdó Àjọ̀dún Ìkórè, ẹ ó mọ bí ọkàn mi ṣe rí. Nínú mi, mo ti ń di ẹrù Èkìtì.

Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, oòrùn mú gan-an. A fọ òdòdó oníke tán ní nǹkan bí agogo méjìlá, Màmá sì ní kí a sá wọn sórí páànù tuntun tó wà ní ẹ̀yìn, kí wọ́n lè tètè gbẹ. A tẹ́ wọn síbẹ̀ dáadáa, a wọlé lọ nu àga, a lọ aṣọ pẹpẹ. Nígbà tí a fi máa jáde, páànù ti gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń dín àkàrà. Àwọn òdòdó ti yọ́, wọ́n ti ká jọ, òmíràn ti lẹ̀ mọ́ páànù. Àwọn pupa dà bíi tòmátì tí wọ́n sá fún ọbẹ̀. Àwọn funfun ò dà bí nǹkan kan mọ́.

Màmá mú ọ̀kan, ó gbé e sókè, ó ń wò ó. Mo dúró, mo ti to àwíjàre mi sẹ́nu, nítorí mo mọ̀ pé mi ò ní ṣaláìjẹ̀bi.

"Èmi ni mo ní kí a sá a síbẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dà mí rú. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rí i mú. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rù bà mí. Màmá wò mí, ó wo òdòdó ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní, "Ó kù ká ta epo sí i." Bẹ́ẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, tó ń fi etí ìró nu ojú.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ìṣòro ṣì wà nílẹ̀. Ìdúmọ̀tà tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ jìnnà, ọjọ́ ti lọ, Ìkórè sì di ọ̀la. Nígbà tó yá, Màmá ní, "Ó máa ń rọ. Ìwọ náà rí i."

Mo mọ ohun tó ń wí. Mo ní, "Ọ̀sán ni mo gé jogbo yẹn níjọ́sí, mà. Tí a bá gé e láfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, tí a rì í sínú omi dé ọrùn, ó lè dúró di ìgbà tí wọ́n bá ṣe oore-ọ̀fẹ́."

Ó mí kanlẹ̀. "Màá wá fúnra mi," ló wí, bí ẹni pé wọ́n ní kó wá jẹ́rìí ní kóòtù.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ ìjàpá gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó wọ bàtà òjò, ó fi páálí wé àdá. Ọkọ mi gbé garawa méjì tẹ̀lé wa láìbèèrè nǹkan kan. Ẹ̀yìn ilé wa nígbà náà, pulọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn awọnlẹ̀ ti rì òpó ààlà wọn síbẹ̀, jogbo sì ti bò ó. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sára ògiri kékeré kan pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà, jogbo ti jẹ "kì í ṣe" kúrò, ó wá ku "ilẹ̀" àti "títà". Ìrì ń kán. Àwọn oyin tó sùn lórí òdòdó ò tíì lè fò, òtútù mú wọn. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lápá Ìgándò, gbogbo ilẹ̀ pọ́n títí dé ibi tí ojú mi dé. Mo sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ìlú tó ní irú èyí kò burú tán.

Màmá mọ àdá lò. Ó ń gé e, ó ń to igi wọn jọ bí ẹni ń to ìgbálẹ̀. Lójijì ó dúró, ó gbára lé àdá.

"Ìyàwó, ṣé o mọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ rí i?"

"Nítorí ààtàn ni, mà."

"Ààtàn kọ́." Kò wò mí. "Nígbà tí ọkọ mi kú, inú ọgbà ilé wa ní Oǹdó la sin ín sí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo wá bá ọmọ mi ní Èkó. Mo ní màá máa lọ wò ó. Mi ò tètè lọ. Ìgbà tí mo máa fi débẹ̀, nǹkan yìí ti gba gbogbo ọgbà. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mi ò rí sàréè. Mo dúró ní géètì, mi ò lè wọlé, mo wọ ọkọ̀ padà lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún ọmọ mi pé ilé wà dáadáa." Ó gé igi kan sí i. "Ibi tí ènìyàn bá kọ̀ sílẹ̀ ló máa ń hù sí. Òun ló ń sọ ọ́ fún ayé."

Ọkọ mi da omi garawa kan nù, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ìdí rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó díẹ̀." Ó jókòó. Ìfẹ́ ọkọ mi wọ̀ mí lára lójú ibẹ̀.

Mo wo ilẹ̀ tó lọ salalu níwájú wa, mo ní, "Màmá, ti ibí yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó kọ ibí sílẹ̀. Àwọn tó ni í ò tíì dé ni."

Ó wo ilẹ̀ náà. "Wọn ò tíì dé," ló wí tẹ̀lé mi. Ó sì dìde, ó ní ká ṣe kíá, kí oòrùn má bá wa níbẹ̀.

Iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ náà, ẹ ò bá wá wò ó. A to jogbo sáàárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ènìyàn kó wá, a tò ó sẹ́bàá fèrèsé, a so ó mọ́ òpó. Inú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní òrùlé tán wá dà bí ibi tí wọ́n tan iná sí. Òótọ́ ni pé a gbàgbé ti èèrà. Wọ́n gun àlùfáà lápá, ó ń wàásù, ó ń gbọn aṣọ funfun rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e, wọ́n ń ṣe àmín. Oyin kan náà jí lórí òdòdó, ó bẹ àwọn akọrin wò. Ṣùgbọ́n òdòdó dúró. Ó dúró títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, ìgbà tí a ń kó àga jọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹrí ba. Wọ́n ń bi Màmá pé níbo ló ti rà á. Ó ní, "Lẹ́yìn ilé ìyàwó yìí ni," ohùn rẹ̀ sì ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Láti ìgbà náà, ó máa ń yà sí wa. Á jókòó, á mu omi, á sọ fún mi pé mo ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ jù. Mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò kà á mọ́ ohun tí mo sọ fún ọkọ mi. Àgbà ni, ó lè bí mi. Ènìyàn lè ní ìyá ní ìlú kan kó má ní ẹni tó jọ ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi sì ti bá ọ̀gá iléèwé ní Èkìtì sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi.

Nígbà tí a gba ọlidé oṣù Kérésìmesì, Màmá ní òun fẹ́ lọ sí Oǹdó, òun ò sì fẹ́ dá lọ. Mo ní màá sìn ín, láti ibẹ̀ màá wọkọ̀ lọ sí Èkìtì, mi ò sì ní padà mọ́. Kò sọ pé kí n má lọ. Ọkọ mi gbé àpótí mi dé gáréèjì. Ó ra àkàrà fún wa, ó bi dírẹ́bà bóyá búrèkì rẹ̀ dára, ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, mo yíjú padà, ó ṣì dúró síbẹ̀.

Bí Màmá ṣe sọ ọ́ ni ọgbà náà rí. Jogbo ti gbẹ díẹ̀ nítorí ọyẹ́, igi rẹ̀ sì ti le. Lọ́tẹ̀ yìí, mo di Màmá lọ́wọ́ mú ní géètì, a sì jọ wọlé. A bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, à ń gé, à ń wú gbòǹgbò, ọwọ́ mi bó. Nígbà tí a dé sàréè, símẹ́ńtì rẹ̀ ò là. Màmá bu omi, ó fi aṣọ fọ̀ ọ́, ó fọ àárín gbogbo lẹ́tà orúkọ náà. Ó ń bá a sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀, mo bá jìnnà díẹ̀ kí n má bàa gbọ́.

Ó wá ku igi kan ṣoṣo lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná, tí òdòdó kékeré kan ṣì wà lórí rẹ̀. Mo gbé àdá sókè.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ni Màmá wí lẹ́yìn mi.

"Màmá, yóò tún gba gbogbo ibí."

"Mo mọ̀. Kí n lè ní ohun tí màá máa wá gé ni."

Mo sọ àdá sílẹ̀. Mo sunkún, kò sì tì mí lójú.

Ní gáréèjì Oǹdó, ọkọ̀ Èkìtì ku ẹnì kan kó kún. Dírẹ́bà ti gbé àpótí mi sí búùtù. Màmá ti ra búrẹ́dì pé kí n fún ìyá mi, ó dúró tì mí bí ẹni tí kò mọ ibi tó fẹ́ fi ọwọ́ sí.

"Mọ́mì," ni dírẹ́bà náà wí, "ṣé ọmọ yín lẹ wá sìn? A máa tọ́jú ẹ dáadáa."

"Kì í ṣe ọmọ mi," ni Màmá dáhùn. "Ọ̀rẹ́ mi ni."

Obìnrin tó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí ni. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó kàn dá ọkùnrin náà lóhùn ìbéèrè tó bi í.

Mo ní kí dírẹ́bà bá mi sọ àpótí kalẹ̀. Ó ṣe họ̀ọ̀, ó ní ṣé mo fẹ́ ba òun lọ́jà jẹ́ ni, èrò tó ti wọlé náà ń kùn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fà á jáde fúnra mi. Màmá ò wo ẹ̀yìn. Ó ti gba ìdí ọkọ̀ Èkó lọ, mo sì gbọ́ ọ tó ń sọ fún wọn níbẹ̀ pé àyè méjì lòun fẹ́, kí wọ́n sì fi ọ̀kan sẹ́bàá fèrèsé.